Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Kì Í Ṣe Ẹrù Ààtàn: Linux fún Olùkọ́ Tí Ó Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí wọ́n gba gbogbo ayé ni pé kí olúkúlùkù kọjá sí Windows 11. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a láti ra ẹ̀rọ titun. Windows 11 kì í wọ inú gbogbo ẹ̀rọ: ó ń béèrè ohun ààbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kò sí ìdí tí a ó fi máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ tí ó wà ní iyàrá kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn òbí dáwó jọ rà á ní Ìkẹjà, tàbí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ń tàn. Síbẹ̀ wọ́n ní ó ti kú. Láti ọdún 2015 sì ni ìdánwò JAMB ti di èyí tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ti pàdánù púpọ̀ kí ó tó ka ìbéèrè kìn-ín-ní. Àwa kò gbà pé ọ́fíìsì kan ní òkè òkun ni yóò máa dá ọjọ́ ikú fún ohun ìní tí àwọn òbí fi òógùn ojú wọn rà. Ọ̀nà àbáyọ wà, orúkọ rẹ̀ sì ni Linux.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò kan tí ó ń ṣe bí ọ̀gá ilé-ìwé. Òun ni ó ń kọ́kọ́ jí, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta. Windows jẹ́ ọ̀gá kan. Linux jẹ́ ọ̀gá mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé pé òun ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ dánra wò. Ní ọdún 1992 ó fi í sábẹ́ òfin GPL, èyí tí Richard Stallman ará Amẹ́ríkà ti gbé kalẹ̀ ṣáájú. Òfin yìí ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́. Ó sọ pé ẹni tí ó bá gba ètò náà lè lò ó fún iṣẹ́kíṣẹ́, ó lè tú inú rẹ̀ wò, ó lè tún un ṣe, ó sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ láàárín ara wa: ẹ̀dà Windows tí a kò sanwó rẹ̀ pọ̀ ní ọjà wa, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ sì ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ pé olè jíjà kò dára. Linux mú ìtìjú yẹn kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun tí a fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ kò níláárí. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni Linux ti ń darí gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí a kà sí alágbára jùlọ ní ayé, òun náà ni ó sì wà ní ìpìlẹ̀ fóònù Android tí ó wà ní àpò yín.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Linux rí. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ń lò ó a sì máa jà fún tiwọn bí ẹni ń jà fún ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò dé ọjà rí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó tọ́ kí a fi hàn án. Èyí tí àwa fi hàn án ni Linux Mint.

Inú ìdílé ni Mint ti wá. Debian, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ni bàbá àgbà; Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ni bàbá; Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ni ọmọ. Orúkọ Ubuntu dùn mọ́ wa, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ìhà gúúsù Áfíríkà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúwàbí. Láti ọdún 2005 títí di 2011, wọ́n a máa fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Bí ó bá ṣe ti ìfẹ́ Áfíríkà nìkan ni, Ubuntu ni à bá yàn. Ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ojú olùkọ́ ti mọ́, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rọ alágbára. Mint ní tirẹ̀ ní bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ní apá òsì, gẹ́gẹ́ bí Windows 10 ti ní i. LibreOffice fún ìwé kíkọ àti ìṣirò ti wà nínú rẹ̀, Firefox náà wà. Mint 22, tí ó jáde ní oṣù keje ọdún 2024, ní àtúnṣe títí di ọdún 2029. Ẹ̀rọ tí ó bá ní RAM gigabyte 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú tí a ń pè ní Cinnamon ni kí a fún un; èyí tí ó bá ní 2 péré, kí a fún un ní Xfce, nítorí ó fúyẹ́.

Fífi í sínú ẹ̀rọ kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Ẹ wá fúláàṣì tí kò kéré sí gigabyte 8, tí ẹ kò nílò ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò parẹ́. Ẹ gba fáìlì Mint wọlé láti orí linuxmint.com. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gigabyte 3, èyí tí kì í ṣe owó dátà kékeré; nítorí náà kí ẹnìkan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbà á, kí àwọn yòókù ṣe ẹ̀dà tiwọn láti ara tirẹ̀. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí òǹkà gígùn kan tí a ń pè ní SHA256. Bí òǹkà fáìlì yín kò bá bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fáìlì náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe lò ó. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó fi ètò kékeré kan, Rufus tàbí balenaEtcher, kọ fáìlì náà sí ara fúláàṣì. Kì í ṣe pé kí a kàn dà á síbẹ̀ bí ẹni da fọ́tò o; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki fúláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì F12 léraléra. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP, F9 ni. Orúkọ fúláàṣì yóò hàn. Ẹ yàn án. Mint yóò jí láti inú fúláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó wù wá jù nínú gbogbo ètò yìí nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ ra bàtà a máa wọ̀ ọ́ wò kí ó tó sanwó. Ẹ wo bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ẹ fi odidi ọ̀sán kan yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò lọ́ra díẹ̀, nítorí inú fúláàṣì ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, àwòrán kékeré tí a kọ "Install Linux Mint" sí wà lójú rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò bi yín kò pọ̀: èdè, kíbọ́ọ̀dù, ìlú tí ẹ ó fi mú aago, orúkọ yín àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Ọ̀kan ni ó gba ìrònú: ṣé kí Mint máa gbé pọ̀ pẹ̀lú Windows, tàbí kí ó nu ohun gbogbo tí ó wà nínú ẹ̀rọ nù kí ó sì dá gbé? Àwa ti jìyà níhìn-ín. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, a rò pé a mọ̀ ọ́n, a kò ka gbólóhùn náà tán, a yan "Erase disk", àwòrán ìsìnkú ìyá àgbà wa sì bá Windows lọ. Kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi bí kò ṣe ìkánjú wa. Nítorí náà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé àti àwòrán yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí wọn wò níbẹ̀ pé wọ́n pé. Bí Windows bá ti fi BitLocker ti ẹ̀rọ náà pa, ẹ wá òǹkà 48 tí ó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ná. Ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Windows rẹ̀ kò wúlò mọ́, kí a nù ún ni ó dára jù. Ti ara yín, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbé pọ̀ fún oṣù díẹ̀. Bátìrì kí ó kún, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, nítorí iná tí ó bá lọ ní àárín iṣẹ́ yìí lè mú kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá jí gẹ́gẹ́ bí Mint, "Update Manager" ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ó gba àtúnṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Timeshift, tí í máa tọ́jú bí ètò inú ẹ̀rọ ti rí lónìí, kí ó lè padà sí i bí ọmọ ilé-ìwé kan bá da nǹkan rú lọ́la. Kòkòrò tí ń bá fúláàṣì kiri láti ibi ìtẹ̀wé kan dé òmíràn, Windows ni a sábà ṣe é fún. Kì í rí jẹ nínú Mint.

A kò ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Microsoft Office kì í wọ inú rẹ̀. LibreOffice a máa ṣí ìwé Word, ṣùgbọ́n tábìlì tí ó díjú lè yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí náà ìwé tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ẹ sọ ọ́ di PDF. Àwọn ètò ìgbáradì kan fún ìdánwò JAMB wà tí ó jẹ́ pé Windows nìkan ni a ṣe wọ́n fún. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ti ra irú rẹ̀, kí ó fi Windows sílẹ̀ lára ẹ̀rọ kan tàbí méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù Mint, Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá wà, Igbo wà, láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ yí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, kí ó ṣí "Keyboard", kí ó lọ sí "Layouts", lẹ́yìn náà "Options", kí ó sì sọ Alt apá ọ̀tún di Compose. Láti ìgbà náà, bí ó bá tẹ Compose, tí ó tẹ !, tí ó tẹ s, ṣ ni yóò jáde. Kí ó fi e tàbí o sí ipò s, yóò rí ẹ àti ọ. Compose pẹ̀lú ` àti o yóò fún un ní ò; pẹ̀lú ' àti e, é. Èyí tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ gba ìgbésẹ̀ kan sí i: nínú LibreOffice, kí ó kọ ọ, kí ó kọ 0300 tẹ̀lé e, kí ó tẹ Alt pẹ̀lú X, yóò sì di ọ̀, 0301 ni ti àmì òkè. Ó lọ́ra ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá tí ó ti ń fi bíírò fi àmì ohùn sí ìbéèrè ìdánwò, ìwé kan lẹ́yìn èkejì, ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, kì yóò ka ìyẹn sí ìyà.