Ká Tún Ẹ́ńjìnì Ṣe, àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé kí mẹkáníìkì rẹ n'Ìwó tó dá ọ lóhùn, ilé iṣẹ́ tó rọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ ti dáhùn? Ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n rọ kó lè ṣeé tú, kó sì ṣeé tún tò. Òmíràn, tó bá ti jẹ, ó jẹ náà nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé Peugeot 504, tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò jọ ní 1975, wà lára àwọn tó ṣeé tú? Sílíìfù tí písítínì ń sáré nínú rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnì. Omi ló yí i ká, ó sì ṣeé fà yọ. Bó bá jẹ, mẹkáníìkì á yọ ògbólógbòó, á ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítínì àti ríǹgì rẹ̀, láì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Ti Volkswagen Ìjàpá ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, kò ní rédíétọ̀, bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíà, torí náà òun náà rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀ tú.

Ṣé o mọ̀ pé Corolla 2003 sí 2008 kì í ṣe ẹgbẹ́ 504 nínú ọ̀ràn yìí? Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n rọ mọ́ inú alumíníọ̀mù ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, Toyota ò sì ṣe písítínì tó tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ fún un. Bí ògiri sílíńdà bá ti họ, kò sí àyè tí a óò gbẹ́: lọ wá òmíràn. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló ń mu, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà nínú písítínì àwọn tó ṣáájú 2005 ló kéré jù. Ẹni tó bá ki ríǹgì tuntun sórí písítínì àtijọ́ yẹn, kó má ṣe tíì dágbére fún mẹkáníìkì.

Ṣé o mọ̀ pé èéfín búlúù tó ń yọ kìkì nígbà tó o bá ṣáná sí i láàárọ̀ lè máà ju rọ́bà fáàfù lọ? Wọn ò ní sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ nítorí ìyẹn. Èyí tó ń yọ lójú ọ̀nà tó o bá ń tẹ̀ ẹ́ ni kó o bẹ̀rù. Funfun tí ò dáwọ́ dúró, omi ló ń wọlé. Dúdú, epo bẹntiróòlù ló pọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ẹ́ńjìnì àlòkù tí wọ́n ń pè ní "Bẹ́ljíọ̀mù" ní ọjà Ládipọ̀ l'Ékòó tàbí ti Gate n'Ìbàdàn kọ́ ló ti Bẹ́ljíọ̀mù wá? Èyí tó ti Japan wá, ara ọkọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti tú u, wáyà rẹ̀ lè má bá tìrẹ mu. Ṣí ìdérí ọ́ìlì: bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Fi sípánà yí púlì rẹ̀. Tí kò bá yí, ó ti gan. Èyí tí wọ́n fọ̀ tó ń dán yinrin, èmi ò ní rà á, torí a ò mọ ibi tó ti ń jò. Tó bá sì kọ iṣẹ́ n'Ìwó, ìwọ ni wàá san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ? Tó o bá ti pààrọ̀ rẹ̀, irọ́ ni ìwé náà ń pa títí wàá fi lọ tún un kọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Gba rìsíìtì, kí ẹni tó tà á kọ nọ́ńbà náà sí i níṣojú rẹ, kó o sì fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì họ ọ́, fi ẹ́ńjìnì wọn sílẹ̀ fún wọn.