Ta ló fún Adam ní oògùn ikọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá pa èèyàn ládùúgbò yín lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, ẹni mélòó ni yóò ti mọ ẹni tó pa á? Gbogbo àdúgbò ni. Ìyá alákàrà ti mọ̀ ọ́n, ọlọ́kadà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà ní Canada, tí kò délé láti bí ọdún mẹ́jọ, náà ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí wáásáàpù pé òun ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá lọ sí tẹ́ṣàn, kí ẹ béèrè ẹni tó ti wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ ò ní bá ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gbé mi padà sídìí ọ̀ràn Adam. Àwọn tó ti gbé London rí á rántí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìròyìn lórí fóònù báyìí, wọn ò tíì bí wọn nígbà náà, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n rò ó.

Lọ́jọ́ 21, oṣù September, ọdún 2001, ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá Tower Bridge rí nǹkan kan tó ń léfòó lórí odò Thames. Ìtòsí ilé tíátà Globe ni àwọn ọlọ́pàá ti gbé e jáde. Ara ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú ni. Kò ní orí, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n bá lára rẹ̀. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò òkú náà ní ọjọ́ orí rẹ̀ á wà láàárín ọdún 4 sí 7. Bàbá kan ò wá, ìyá kan ò wá, ilé ìwé kan ò sọ pé àwọn ń wá ọmọ. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Adam.

Láti ìgbà náà ni ẹnu ò ti sinmi. Àwọn kan kọ́kọ́ ní oògùn ìbílẹ̀ àwọn ará South Africa ni, èyí tí wọ́n ń pè ní muti. Ọ̀rọ̀ yẹn rinlẹ̀ débi pé nínú oṣù April 2002, Nelson Mandela bọ́ síta, ó bẹ ìdílé yòówù tó bá ń wá irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà pé kí wọ́n kàn sí ọlọ́pàá London. Owó wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ gidi wá, 50,000 pọ́ùn. Kò sí ẹni tó wá gbà á.

Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ eegun ọmọ náà wò. Omi tí èèyàn ń mu àti oúnjẹ tó ń jẹ máa ń gbé àmì ilẹ̀ tó ti ń dàgbà wọ inú eegun rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú eegun Adam kò bá ti South Africa mu rárá. Apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló tọ́ka sí. Ọlọ́pàá London wá sí Nàìjíríà lọ́dún 2002, wọ́n ń ṣa òkúta, iyẹ̀pẹ̀ àti eegun ẹran káàkiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá fún sí ni ilẹ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn sí ìlú Benin.

Ilé wa nìyẹn o. Bí gbogbo ojú ṣe yí sí wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àbẹ́là ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa ń dùn mí jù. Ní àkókò kan náà, wọ́n rí àwọn àbẹ́là tó ti jó dé ìdajì tí wọ́n fi aṣọ funfun wé létí odò Thames yẹn. Orúkọ Yorùbá wà lára aṣọ náà, wọ́n sì gbẹ́ ẹ sára àbẹ́là. Ẹ ò rí i pé kéèsì ti yanjú! Òkú ọmọ dúdú, aṣọ funfun, iná, orúkọ Yorùbá. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ni orúkọ náà lójú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, New York ló ń gbé, ara rẹ̀ le koko. Àwọn òbí rẹ̀ tó wà ní London ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ àwọn kò bá ìkọlù September 11 lọ. Àdúrà ọpẹ́ ni.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Yorùbá wo ló máa rí àbẹ́là àti aṣọ funfun létí omi tí ìjọ aláṣọ funfun kò ní kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn? Bí ẹnì kan nínú wa bá wà nítòsí tó lè sọ ọ́ fún wọn wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Irú ohun tí mo pè ní olobó gidi nìyẹn: kì í ṣe ẹni tó pa ọmọ lo mọ̀, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí àbẹ́là ń ṣe létí odò.

Àwọ̀ ṣòkòtò náà ló tún kàn. Àwọn kan so àwọ̀ ọsàn yẹn mọ́ òrìṣà, wọ́n ní Ọ̀ṣun ló ni ín. Mi ò kì í ṣe ọmọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n mo ti lọ wo ọdún l'Óṣogbo, funfun ni mo rí lára àwọn olóòṣà. Ohun tó wúlò lára ṣòkòtò yẹn kì í tilẹ̀ ṣe àwọ̀ rẹ̀. Àmì tí wọ́n rán mọ́ ọn ni, èdè Jámánì ló wà níbẹ̀, ilé ìtajà Woolworths tó wà ní Jámánì ló tà á. Ṣòkòtò ọmọbìnrin ni, kì í ṣe ti ọmọkùnrin. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan gba Jámánì kọjá pẹ̀lú ọmọ yìí tàbí pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Òrìṣà kì í gba ìwé ìrìnnà.

Àǹtí mi kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London nígbà náà. Mo bi í lọ́dún tó kọjá pé, "Àǹtí, kí lẹ sọ nígbà tí ìròyìn yẹn jáde?" Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé ṣé àwọn èèyàn wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ Nàìjíríà lórí tẹlifíṣàn, mo máa ń dìde lọ gbé tíì kaná." Mo tún bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà lọ́yà, ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní ìwé ìgbélùú. Ta ló máa lọ?"

Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Ẹni tó ṣeé ṣe kó mọ nǹkan gidi ni ọ̀rọ̀ yẹn lé sá jù. Bí ọmọ kan bá wọ London láìní òbí, ẹni tó máa rí i kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣàlàyé ètùtù lórí tẹlifíṣàn. Ẹni tó jọ ń gbé ilé kan náà ni, tó jọ ń lo ilé ìdáná kan náà, tóun fúnra rẹ̀ ń sá fún ọlọ́pàá torí ìwé. Bí wọ́n bá wá fi yé onítọ̀hún pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni afurasi, ṣé ó máa la ẹnu?

Lọ́dún 2005, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ọlọ́pàá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé ní London pé ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mélòó, ẹni ọdún 4 sí 7, ni wọn ò rí mọ́ láàárín oṣù July sí September 2001. Àwọn ilé ìwé ka 300, méjì péré ni ọlọ́pàá sì rí ipa wọn. Ọlọ́pàá kò sọ pé wọ́n pa àwọn ọmọ wọ̀nyí o. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ lè kúrò ní ilé ìwé kan, kó lọ sílùú mìíràn tàbí kó padà sílé, kí ìjọba má sì mọ̀. Àwa náà mọ bó ṣe ń rí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn òbí Yorùbá tó ń kàwé ní ìlú ọba ti ń gbé ọmọ fún òyìnbó tọ́, tí ọmọ ń ti ọwọ́ àǹtí kan bọ́ sí ti òmíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà yẹn fi dé ìgboro, ó ti di 300 ọmọ tí wọ́n fi rúbọ. Mo ṣì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn lọ́dún yìí.

Mi ò sọ pé kò sí ètùtù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ewéko ní ọgbà Kew rí ẹ̀wà onímájèlé tí wọ́n ń pè ní Calabar bean nínú ìfun ọmọ yẹn, wọ́n sì rí amọ̀ tí wúrà wínníwínní wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí kò jọ oògùn, irọ́ ló ń pa. A ò sì lè máa bínú sí òyìnbó bí ẹni pé a ò mọ àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó láàárín wa. Ìbínú tèmi ni pé ìdí tí wọ́n fi pa á gba gbogbo ẹnu, kò sì fẹ́ ku ẹnu kankan fún ẹni tó pa á.

Àbí ẹ ò rí ohun mìíràn tí wọ́n bá nínú ikùn rẹ̀? Ìyẹ̀fun òdòdó tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ní London wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ láàyè kí wọ́n tó pa á. Oògùn ikọ́ sì wà níbẹ̀. Oògùn ikọ́ lásán, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Ọmọ náà wúkọ́, ẹnì kan gbọ́ ọ. Onítọ̀hún rọ oògùn sínú ṣíbí, ó ní kó lajú, kó mu ún. Ẹni yẹn kò sọ nǹkan kan títí di òní.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, bí mi ò tilẹ̀ dé wíìgì lọ sí kọ́ọ̀tù. Abala 126 nínú òfin ẹ̀rí ilẹ̀ wa, Evidence Act ti ọdún 2011, kò fi ọ̀rọ̀ bò: bó bá jẹ́ ohun tí ojú lè rí, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ni kó wá sọ ọ́, bó bá jẹ́ ohun tí etí lè gbọ́, ẹni tó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ni. Abala 38 ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rí a-gbọ́-sọ, àfi níbi tí òfin bá yọ̀ǹda rẹ̀. Lóòótọ́, olobó kì í ṣe ẹ̀rí, ọlọ́pàá sì lè tẹ̀ lé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọlọ́tí. Ṣùgbọ́n olobó tí kò bá mú ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fojú rí i, kò yàtọ̀ sí àsọdùn.

A rí i nínú ọ̀ràn yìí kan náà. Lọ́dún 2011, obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sọ lórí tẹlifíṣàn pé òun ló tọ́jú ọmọ náà ní Jámánì kí òun tó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó dárúkọ ọmọ náà. Fọ́tò kan jáde, gbogbo ayé ní Adam ti lórúkọ, Adam ti lójú. Nígbà tó di 2013, ó sọ orúkọ mìíràn fún BBC, wọ́n sì rí i pé ọmọ inú fọ́tò yẹn wà láàyè, kì í ṣe òun. Ọdún méjì gbáko nìyẹn tí aráyé fi ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó ń jẹun nílé baba rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ẹ rántí Sóka, n'Íbàdàn, nínú oṣù March 2014. Àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọnù ló tú àṣírí igbó yẹn. Wọn ò ní "a gbọ́ pé". Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí egungun èèyàn, wọ́n rí àwọn tó ṣì wà láàyè, wọ́n pariwo. Kò sí olobó tó dáa jùyẹn lọ. Kí ló tẹ̀ lé e? Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn èrò ń na wèrè àti alágbe ní ìgboro káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ tó ń díbọ́n ni wọ́n.

Olóyè Bọ́lá Ìgè náà ńkọ́? Ọjọ́ 23, oṣù December, ọdún 2001 ni wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn Adam. Mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà ni. Mi ò tíì bá ará Ìbàdàn kan pàdé tí kò mọ ẹni tó pa á. Kọ́ọ̀tù kan ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù wà. Ẹni tó bá lọ ta ọlọ́pàá lólobó láàárọ̀ lè máa wá ẹni tó máa gba béèlì rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òfin ACJA ti 2015, abala 7, ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíì dípò afurasi, síbẹ̀ ẹ lọ wo ẹ̀yìn káńtà ní tẹ́ṣàn, ẹ máa bá ìyàwó afurasi níbẹ̀, ẹ máa bá àbúrò rẹ̀. Títí ọlọ́pàá á fi mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó sì lọ sílé rẹ̀ láyọ̀, wáásáàpù ni tẹ́ṣàn wa. Ṣùgbọ́n lọ́yà wà, pásítọ̀ wà, ìmáàmù wà, baálẹ̀ wà. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ rán wọn: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, mọ́tò aláwọ̀ báyìí, ohun tí mo rí rèé. Kó sì dákẹ́ lórí èyí tí kò rí.

Wọ́n mú èèyàn 21 ní London lóṣù July 2003 lórí kíkó èèyàn ṣòwò, àwọn kan sì ṣẹ̀wọ̀n. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn pé ó pa Adam kàn. Wọ́n ti sin ọmọ náà ní London, kò sí orúkọ lórí sàréè rẹ̀. Lọ́dún 2021, nígbà tó pé ogún ọdún, ọlọ́pàá tún jáde, wọ́n tún bẹ ẹni tó bá mọ nǹkan kan pé kó wá sọ ọ́. Ẹni tó di ṣíbí oògùn ikọ́ yẹn mú, bó bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó ti lé ní àádọ́ta báyìí. Ó lè ti ní ọmọ-ọmọ.