Ọwọ́ òsì ló ń ti bàbá mọ́lé, kì í ṣe rọpárọsẹ̀!

Ní Òró-Àgọ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà, ẹni bá na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà ti dá wàhálà sílẹ̀. (Kì í ṣe Òró tó wà nítòsí Ọmù-Àrán là ń wí o, ti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ni.) Ṣùgbọ́n bàbá tí rọpárọsẹ̀ bá mú lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi gba owó tí wọ́n nà sí i? Kí ló fẹ́ fi bu òkèlè iyán níbi ìnáwó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àìsàn ti lọ sílẹ̀, ọ̀pá ti ń gbé e rìn dé ìta, síbẹ̀ kò jáde. Bí wọ́n bá pè é síbi ìkómọ, "ẹ bá mi kí wọn" ni. Bí Sunday bá dé, ara ò yá. Ìtìjú ni o, kì í ṣe ara.

Àwọn ará ilé náà wá ń dá kún un. Wọ́n á wẹ̀ fún un, wọ́n á wọṣọ fún un, bí àlejò bá kí i, àwọn ni yóò dáhùn. Ìkẹ́ ni lójú tiwọn. Bẹ́ẹ̀ inú ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ti ń ṣọṣẹ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló dí tàbí tó bẹ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, òun náà ló sì ń darí ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹnu fi sábà ń bàjẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ẹnu ni kò gbé e jáde. Apá ibòmíràn nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá ń jẹ́ kó ṣe é lójoojúmọ́.

Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 ní Nàìjíríà àti Gánà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú ohun tó ń fà á. Nítorí náà, kó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ o.

Owó ọkọ̀ dé Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, Olubukola Olaleye, Talhatu Hamzat àti Owolabi kan náà wo àwọn tí físíò ń tọ́jú ní ìlera alábọ́ọ́dé n'Íbàdàn àtàwọn tí wọ́n ń tọ́jú nílé. Bákan náà ni ara àwọn méjèèjì ṣe ń yá sí i. Kí físíò kọ́ ará ilé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá fẹ́ wọ bùbá, ọwọ́ tó rọ ni kó kọ́kọ́ ki bọ̀ ọ́. Bó bá ń bọ́ ọ, òun ni kó kẹ́yìn. Ẹ fi rọ́bà sí sòkòtò dípò okùn. Sáńdà tó ní okùn lẹ́yìn ni kó wọ̀, sílípáàsì á bọ́ sọ́nà. Bó bá gun ọ̀kadà, ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ tó kú tipiri. Sàlẹ́ńsà lè jó o kó má mọ̀. Ti yàrá ńkọ́? Kí ọkọ àti aya bi dókítà, ọ̀pọ̀ ló máa ń padà sí i.

Ní January 1996, rọpárọsẹ̀ mú Kirk Douglas, àgbà òṣèré Amẹ́ríkà, lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 79. Ní March ọdún kan náà, ó gun orí ìtàgé lọ gba ẹ̀bùn Oscar, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, gbogbo ayé ń wò ó. Ẹni ọdún 103 ni nígbà tó kú lọ́dún 2020.

Ní tiwa, olóde ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́: "Bàbá, ẹ fi òsì gbà á, a ò bínú." Bí kò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kó tẹrí ba. Bí iyán bá dé, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yọ̀ lọ, kí ẹ sì gbé omi ìṣanwọ́ sí ọwọ́ òsì rẹ̀.