Pẹ́dà tí ń Gbá Bàtà Mú: Orúkọ Rẹ̀ àti Bí a Ṣe ń Yàn Án fún Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí atúmọ̀-èdè wo iṣẹ́ tí ohun èlò kan ń ṣe kí ó tó fún un lórúkọ ní Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ àjèjì ohun náà nìkan ni ó túmọ̀, ó lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni clipless, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú pẹ́dà kan tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ ìdíje àti kẹ̀kẹ́ ìdárayá. Bí a bá tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ‘aláìníìdè’ ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni dídè gan-an ni iṣẹ́ pẹ́dà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùgbé Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgàǹdó, ọkọ̀ ni ó ni ojú títì. Ẹni tí ó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe eré ìdárayá lè yàn láti ṣe é nínú ilé. Ní àdúgbò wọ̀nyí pẹ̀lú, bí ènìyàn bá pe ‘kẹ̀kẹ́’ lásán, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò ni ọkàn olùgbọ́ lè lọ sí, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ẹ̀yán sí i: kẹ̀kẹ́ ológeere ni ti ojú títì, kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan ni ti inú ilé.

2. Ibi tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣẹ̀

Láyé àtijọ́, àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ díje máa ń ki iwájú ẹsẹ̀ bọ inú àgò irin kékeré tí ó wà lára pẹ́dà, wọn a sì fi awọ dè é. Àgò yìí ni a ń pè ní clip. Ní 1984, ilé-iṣẹ́ LOOK ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ti ń ṣe ohun tí ń so bàtà mọ́ pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gbé pẹ́dà tí kò ní àgò jáde. Bernard Hinault lò ó ní 1985 nígbà tí ó borí nínú ìdíje Tour de France. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ Shimano ti Japan gbé irú mìíràn tí ń jẹ́ SPD jáde. Àgò tí a yọ kúrò ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ń rántí. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀.

3. Ìṣẹ̀dá àwọn orúkọ

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kọ ìyísódì nínú orúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò, òtítọ́ sì ni pé kì í gba èsì. Ṣùgbọ́n ‘aláìníìdè’ kò sọ òtítọ́ nípa pẹ́dà yìí. Àwọn orúkọ tí ó bá iṣẹ́ mu nìwọ̀nyí:

(i) Pẹ́dà: ọ̀rọ̀-àyálò tí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti ń lò, kò sí ìdí láti pa á tì.
(ii) Pẹ́dà alágòó: èyí tí ó ní àgò irin àti awọ.
(iii) Pẹ́dà agbábàtàmú: a ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara ‘gbá bàtà mú’ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-.
(iv) Ìkọ́ bàtà: irin tàbí ike tí a fi bóòtù dè mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà, tí pẹ́dà ń gbá mú.
(v) Àyè ìyísẹ̀: ìwọ̀n tí gìgísẹ̀ lè yí sí ọ̀tún tàbí òsì kí pẹ́dà tó tú bàtà sílẹ̀.

4. Yíyan pẹ́dà àti bàtà

Ohun àkọ́kọ́ ni iye ihò bóòtù tí ó wà ní àtẹ́lẹ̀ bàtà. Oníhò méjì ni ti SPD. Ìkọ́ rẹ̀ kéré, ó sì sábà máa ń rì sínú àtẹ́lẹ̀, tí ènìyàn fi lè rìn lórí ilẹ̀ dídán láìyọ̀. Oníhò mẹ́ta ni ti LOOK àti SPD-SL. Ìkọ́ tirẹ̀ fẹ̀, ó sì yọ síta. Ó máa ń yọ̀ lórí táìlì àti àtẹ̀gùn. Iye ihò nìkan kò sì tó: oníhò mẹ́ta ni Delta àti Kéo, tí LOOK ṣe àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìkọ́ ọ̀kan kò wọ pẹ́dà èkejì. Ẹni tí ó bá rí bàtà bẹ́ẹ̀ nínú òkìrìkà ní ọjà Ìkòtún gbọ́dọ̀ yí i dojú dé, kí ó ka ihò rẹ̀, kí ó sì ti mọ irú pẹ́dà tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ tí yóò gùn kí ó tó náwó.

Èkejì ni àyè ìyísẹ̀. Ìkọ́ SPD-SL aláwọ̀ ìyeyè ní ìwọ̀n dígírì 6, aláwọ̀ búlúù ní 2, pupa kò ní rárá. Bí a bá de ẹsẹ̀ ní wíwọ́ láìsí àyè, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí àyè rẹ̀ pọ̀ ni ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni dídè pẹ́dà mọ́ kẹ̀kẹ́. Ti ọ̀tún ń wọlé bí a bá yí i sí ọ̀tún. Ti òsì ń wọlé bí a bá yí i sí òsì. Ẹni tí kò mọ èyí lè fi sípánà ba ojú irin jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni ìtúsílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan, pẹ́dà so mọ́ irin róbótó wúwo kan. Níwọ̀n ìgbà tí irin náà bá ń yí, pẹ́dà kò ní dúró nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ dúró. Àfi kí ó tẹ bíréèkì. Olùkọ́ tí ó bá ka ‘aláìníìdè’ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti jẹ́ kí ó rò pé òun lè gbé ẹsẹ̀ sókè nígbàkígbà. Bí ó bá gbìyànjú rẹ̀, bàtà kò ní jáde, pẹ́dà yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ náà yí lọ. Yíyí gìgísẹ̀ síta ni ń tú u. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí a ti ń tẹ bíréèkì àti bí a ti ń yí gìgísẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó sáré, kí a sì dẹ bóòtù kékeré tí ń mú ìgbámú le.

5. Ìkádìí

Orúkọ náà, agbábàtàmú, ń kọ́ni ní ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí olùkọ́ tó la ẹnu, nítorí ẹni tí ó gbọ́ pé ohun kan ń gbá òun mú yóò béèrè bí òun yóò ti bọ́. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkòtún àti Ìgàǹdó kí ó tó wọ inú ìwé atúmọ̀. Bí wọ́n bá ní orúkọ tí ó sọ iṣẹ́ ohun náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kí ó borí.