Owó Ibodè Kò Sí, Ìwé Ibodè Ló Pọ̀

Ẹni tó bá ní Brexit, ìyẹn bí Bìrìtéènì ṣe kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò pa òwò Bìrìtéènì lára, torí pé àdéhùn wọn pẹ̀lú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fi owó ibodè lé ọjà tí wọ́n bá ṣe lábẹ́lé, ààbọ̀ òótọ́ ló sọ. Ìwé ló ń dá ọkọ̀ ẹrù dúró. Kí ọdún 2021 tó wọlé, awakọ̀ tó kó ẹran láti Dover ní Bìrìtéènì lọ sí Faransé kàn ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni. Ní báyìí, dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé ìlera ẹran náà, ọlọ́jà sì gbọ́dọ̀ ka ẹrù rẹ̀ fún aṣọ́bodè. Lóṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè Netherlands gba búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Bìrìtéènì! Iléeṣẹ́ ńlá lè gba akọ̀wé tí yóò máa ṣe wàhálà yìí. Oníṣòwò kékeré tó fẹ́ fi páálí méjì ránṣẹ́ ńkọ́?

Àwọn kan ní àrùn Kòrónà ló pa òwò náà lára. Ó dá kún un lóòótọ́, àmọ́ Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìwé ṣì wà. Ìjọba Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ sún àyẹ̀wò oúnjẹ tó ń wọlé síwájú léraléra títí di ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún bá Yúróòpù jókòó, wọ́n gbà láti wá àdéhùn tí yóò dín àyẹ̀wò oúnjẹ kù.