Àwọn atẹ̀wé àti òǹtàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1476–1710)

Àwọn atẹ̀wé àti òǹtàwé ni ó di òwò ìwé mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1476, nígbà tí William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà kalẹ̀ sí Westminster, títí di ọdún 1710, nígbà tí òfin kọ́kọ́ gbà pé òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Atẹ̀wé ni ó ni ẹ̀rọ àti lẹ́tà òjé tí a ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtàwé ni ó sábà máa ń dá owó: òun ni yóò ra ìwé àfọwọ́kọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí yóò ra bébà, tí yóò sì sanwó iṣẹ́ fún atẹ̀wé. Bí ìwé kò bá tà, òun ni ó pàdánù. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Àyíká kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ilé kò ní nọ́ńbà nígbà náà, nítorí náà àmì tí a gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn oníbàárà fi ń dá a mọ̀.

Ní ọdún 1557, Ọbabìnrin Mary àti ọkọ rẹ̀ Philip fún ẹgbẹ́ wọn, Stationers' Company, ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé kan yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, yóò sì san owó díẹ̀, pẹ́ńsì 6 lọ́pọ̀ ìgbà (sísì kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti ń pè é). Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ tẹ ìwé náà mọ́. Ẹ̀tọ́ yìí kò kan òǹkọ̀wé rárá. Ní ọdún 1667, pọ́ùn 5 ni Samuel Simmons kọ́kọ́ san fún John Milton lórí *Paradise Lost*, ó sì san 5 mìíràn lẹ́yìn tí ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tà tán. Ní ọdún 1680, opó Milton gba pọ́ùn 8, ó sì yọwọ́ pátápátá. Pọ́ùn 18 péré ni ìdílé náà rí gbà lórí ìwé tí àwọn òǹtàwé tà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Opó atẹ̀wé lè máa bá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Jacqueline Vautrollier ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó fẹ́ Richard Field, ẹni tí ó tẹ *Venus and Adonis* ti Shakespeare ní ọdún 1593.

Ẹgbẹ́ náà ń rí èrè, ìjọba náà sì ń rí ojú tí yóò fi máa ṣọ́ àwọn ìwé. Àṣẹ Star Chamber ti ọdún 1586 fi ìtẹ̀wé mọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àfi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní Oxford àti Cambridge. Ìyà ẹni tí ó bá ṣẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n pa William Carter ní ọdún 1584 nítorí ìwé Kátólíìkì kan. Wọ́n pa John Twyn ní ọdún 1664 nítorí ìwé tí wọ́n ní ó tako ọba. Àṣìṣe pàápàá ní owó ìtanràn: nínú Bíbélì tí Robert Barker àti Martin Lucas tẹ̀ ní ọdún 1631, ọ̀rọ̀ ìkọ̀ kan ṣoṣo fò, ìwé mímọ́ sì ń pàṣẹ pé kí ènìyàn ṣe panṣágà. Pọ́ùn 300 ni ilé ẹjọ́ bù lé wọn.

Òfin ìyọ̀ǹda ìtẹ̀wé kú ní ọdún 1695. Òfin ọdún 1710 fún òǹkọ̀wé ìwé tuntun ní ẹ̀tọ́ ọdún 14, àti 14 mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè. Ìwé àtijọ́ gba ọdún 21. Síbẹ̀, àwọn òǹtàwé Lọ́ńdọ̀nù ń jà pé títí láé ni ìwé jẹ́ tiwọn, títí Ilé Àwọn Olóyè fi dá wọn lẹ́bi ní ọdún 1774.