Bí ìjì bá ṣí òrùlé yín ní Mushin tàbí Surulere, ta ló máa sanwó àtúnṣe?

Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ìjì ló sábà máa ń ṣíwájú òjò wọ Èkó. Ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìhà ìlà oòrùn, atẹ́gùn tútù á já lójijì, káwọn èèyàn sì tó kó aṣọ wọlé, páànù ti ń fò. Nígbà mìíràn, yìnyín máa ń bá a rìn. Ní Surulere, Yaba àti Mushin, níbi tí ilé ti fara kan ilé, páànù tó ṣí lórí ilé kan lè já lu mọ́tò aládùúgbò tàbí ẹni tó ń kọjá lọ. Ìjà owó ló sì máa ń tẹ̀lé e.

Kí ló ń ṣí òrùlé?

Ọ̀pọ̀ gbà pé ṣe ni atẹ́gùn ń ti òrùlé láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń sáré kọjá lókè ilé, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ páànù mọ́lẹ̀ máa ń dín kù. Bí fèrèsé bá tún wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á ya wọlé, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀. Òkè ń fà á, ìsàlẹ̀ ń tì í. Etí òrùlé àti igun rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí páànù kan bá ti ṣí, ìyókù kì í pẹ́ tẹ̀lé e.

Ní ti yìnyín, omi òjò máa ń dì ní nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè. Atẹ́gùn inú ìkùukùu á máa gbé e sókè, omi á tún máa dì mọ́ ọn lára, títí tí yóò fi wúwo ju ohun tí atẹ́gùn lè gbé. Ooru Èkó máa ń yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ ní Jos, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, ju Èkó lọ. Páànù tó ti dípẹtà àti asbestos tó ti gbó ni yìnyín wa sábà máa ń bà jẹ́.

Àtúnṣe tó máa tọ́jọ́

Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í ti orí páànù bẹ̀rẹ̀. Igi ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò: á fi ẹnu ìṣó gún un, bó bá wọlé wẹ́rẹ́, igi náà ti jẹrà. Páànù tuntun lórí igi tó ti jẹrà, owó ṣòfò ni. Ibi tí páànù ti yọ sókè la ti ń kan ìṣó tó ní rọ́bà lọ́rùn, nítorí inú kòtò rẹ̀ lomi ń gbà ṣàn. Kí wọ́n sì fi irin tàbí wáyà tó nípọn de igi òrùlé mọ́ ògiri. Òkúta àti táyà tá a ń gbé lé páànù léwu: ìjì lè jù wọ́n lu èèyàn.

Tó bá jẹ́ asbestos ló fọ́, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

Onílé àbí ayálégbé?

Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 yọ Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó de Surulere, Yaba àti Mushin. Òfin yìí ní onílé ló gbọ́dọ̀ máa tún ìta ilé ṣe, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ ra adójútòfò fún ilé, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ ka ìwé àdéhùn yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Abala 65 òfin adójútòfò ti ọdún 2003 tún sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tí ayálégbé ń gbé ní adójútòfò lórí ilé wíwó, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti omíyalé. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọdún 2025 ti rọ́pò rẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ àwọn adójútòfò tó jẹ́ dandan. Ibi tí ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣì í nìyí: àwọn tí ilé náà ṣe léṣe, tàbí tó ba ẹrù wọn jẹ́, ni irú adójútòfò bẹ́ẹ̀ wà fún. Kò ní ra páànù fún onílé. Ẹni tó bá fẹ́ owó òrùlé gbọ́dọ̀ ra adójútòfò ilé tí wọ́n kọ ìjì sínú rẹ̀. Ayálégbé náà gbọ́dọ̀ ra ti ẹrù rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tó ń dí owó lọ́wọ́

Bí ẹ kò bá tíì san owó adójútòfò, kò sí ààbò. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sì í sanwó lórí ohun tó gbó fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe dín iye ilé kù nínú ìwé. Bí ilé tó tó mílíọ̀nù 40 náírà bá jẹ́ mílíọ̀nù 20 nínú ìwé, tí ìjì sì ba nǹkan mílíọ̀nù 2 jẹ́, mílíọ̀nù 1 péré ni wọ́n lè san.

Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tapólì bo ibi tó ṣí, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má kó páànù tó bà jẹ́ dànù títí aṣàyẹ̀wò wọn yóò fi dé.

Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ̀yin onílé, ẹ pe káfíńtà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso adójútòfò, fún ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá ra adójútòfò ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ béèrè ìwé adójútòfò ilé tẹ́ ẹ ń gbé.